Àgbò Dírẹ́tọ̀ àti Àwọn Ọ̀rá Tí Wọ́n Gbà Lọ́jà

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo di ọkùnrin náà sínú: Alájì Àbdùlhàfíìsì kì í ṣe ènìyàn burúkú. Kò jalè, kò lu ẹnikẹ́ni, ó sì máa ń kírun lákòókò. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe é. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn ara rẹ̀, kì í gbọ́ ohùn ẹlòmíràn mọ́. Irú àìsàn bẹ́ẹ̀ kì í dun ẹni tó ń ṣe, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló máa ń dùn.

Òun ni Dírẹ́tọ̀ Ìgbìmọ̀ Ìtẹ̀síwájú Ẹran Agbolé fún Zongo, Titirou àti gbogbo àyíká wọn ní ìlú Parakou. Bùrẹ́ò rẹ̀ wà ní Zongo, lẹ́yìn ibi tí àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí Malanville ti ń kó èrò. Yàrá kan ni, tábìlì kan, àti àga méjì. Dírẹ́tọ̀ ń jókòó lórí ọ̀kan, fìlà rẹ̀ ń jókòó lórí ìkejì. Àlejò ń dúró. Fàdílù akọ̀wé rẹ̀ ló máa ń kéde rẹ̀ kó tó wọlé: Bàbá Àgùntàn, Olùgbèjà Ewúrẹ́, Ìmọ́lẹ̀ Gàá, Ẹni Tí Màlúù Ń Kí. Mi ò mọ màlúù tó kí i rí. Bí Dírẹ́tọ̀ bá sín, Fàdílù á kọ wákàtí tó sín sínú ìwé, nítorí pé, bó ṣe wí, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè fẹ́ mọ̀.

Ní àkókò tí mò ń sọ yìí, òfin tó de ọ̀rá tí wọ́n fi ń di ọjà ti wà nílẹ̀ tipẹ́, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ṣì ń lò ó. Ewúrẹ́ ń jẹ ẹ́, ó ń dí wọn nífun, wọ́n ń kú. Dírẹ́tọ̀ gbọ́ pé ewúrẹ́ ń kú, ó ní ọ̀rọ̀ náà ti di tòun. Ó wọ ọjà Arzèkè lọ́jọ́ Ajé kan pẹ̀lú ẹ̀rọ agbóhùnsókè, Fàdílù ń gbé agboòrùn tẹ̀lé e.

"Ẹ̀yin ìyá ọjà," ó bẹ̀rẹ̀, "ọ̀tá wà láàárín yín. Kò ní ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń rìn. Kò ní eyín, ṣùgbọ́n ó ń pani. Èmi, tí ẹ ń wò yìí, ni mo wá mú un."

Àwọn ìyá ọjà kọ́kọ́ rò pé olè ni wọ́n ń lé, àwọn míì ti ń káṣọ wọn nílẹ̀. Ìgbà tí wọ́n rí i pé ọ̀rá, tí àwọn ń pè ní sáṣẹ́, ló ń bá jà, wọ́n kó o fún un kí ariwo lè tán. Àpò ńláńlá mẹ́tàdínlógún ló kún. Obìnrin kan béèrè pé níbo ni wọ́n ti máa jó o.

"Ìjọba kì í jó ohun ìní ìjọba," ni Dírẹ́tọ̀ dá a lóhùn, ó sì kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ilé ara rẹ̀ ní Titirou.

Ẹ máa bi mí pé kí ló fẹ́ fi ọ̀rá ṣe. Dírẹ́tọ̀ ní àgbò kan, àgbò funfun gíga tí wọ́n mú wá láti ilẹ̀ Niger. Ó sọ ọ́ ní Jẹ́nẹ́rà, ó sì fi mẹ́dáàlì kọ́ ọ lọ́rùn. Dírẹ́tọ̀ ti rí i nínú tẹlifíṣọ̀n pé inú ọ̀rá ni oúnjẹ àwọn ẹran òyìnbó ti ń wá. Ojú tì í pé inú igbá ni Jẹ́nẹ́rà ti ń jẹun. Láti ọjọ́ náà, wọ́n ń se èérí ọkà gbóná, wọ́n ń dà á sínú ọ̀rá bó ti ń hó, wọ́n á dì í, wọ́n á gbé e síwájú àgbò. Àgbò á fa ọ̀rá ya, á jẹ èérí, á jẹ ọ̀rá mọ́ ọn. Kí Jẹ́nẹ́rà má baà rò pé ẹ̀tàn ni, Dírẹ́tọ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n máa bu kókó, ẹ̀kọ gbígbóná tí òun náà ń mu, sínú ọ̀rá láràárọ̀. Á gé etí ọ̀rá jẹ, á máa fà á mu gbígbóná níwájú àgbò, àwọn méjèèjì á jọ máa wo ara wọn.

"Igbá," ó máa ń wí, "ohun ará oko ni."

Inú ilé yìí kan náà ni Faridah wà, ìyàwó rẹ̀. Ó pé ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti ṣe yìgì, ọmọ kò tíì dé. Faridah ti mu àgbo tó lè kún kànga. Ó ti dá lọ sí ilé ìwòsàn mẹ́rin, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò níwá lẹ́yìn, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ fún un: a kò rí àléébù kankan lára yín, Màdáàmù, ẹ mú ọkọ yín wá. Bó bá délé tó jẹ́ iṣẹ́ náà, ẹ̀rín ni Alájì máa ń rín.

"Ta ni wọ́n ní kó wá? Faridah, ṣé wọ́n máa ń fi dírẹ́tọ̀ ṣe àyẹ̀wò ni?"

Ní báyìí Alájì ti ń wá ìyàwó kejì. Ọmọ Kàsìmáwò ni, oníṣòwò aṣọ tó ní ìsọ̀ mẹ́ta ní Arzèkè. Ẹni tí Ọlọ́run fún ní làákàyè ni Kàsìmáwò. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní, "Alájì, mo gbọ́ pé àgbò yín fẹ́ tún ìran àgùntàn ìlú ṣe. Ẹ jẹ́ kí n rí àwọn ọmọ rẹ̀ ná, ká tó sọ̀rọ̀ ọmọ tèmi." Dírẹ́tọ̀ gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ó sọ fún Faridah pé kó máa palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ díẹ̀díẹ̀. Yàrá tó kọjú sí títì máa di ti ìyàwó tuntun, Faridah á sì lọ sí yàrá ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àgbò. Faridah ní òun ti gbọ́. Kò sunkún níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dùn ún, ó dùn ún débi pé fún ọjọ́ mẹ́ta kò lè wo yàrá ẹ̀yìn yẹn lójú.

Kí Jẹ́nẹ́rà lè ṣiṣẹ́ láìsí orogún, Dírẹ́tọ̀ gbé òfin kan jáde. Kí wọ́n tẹ gbogbo àgbò tó wà ní Zongo àti Titirou lọ́dàá, kí ẹ̀jẹ̀ ìlú lè mọ́. Àwọn kan ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tó gbọ́n fi àgbò wọn ránṣẹ́ sí abúlé, wọ́n ní ó lọ kí àna. Wọ́n sì kó abo àgùntàn wá sí Titirou, wọ́n tò wọ́n, wọ́n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Bí Jẹ́nẹ́rà bá ti gun ọ̀kan, Fàdílù á pàtẹ́wọ́. Ó pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó.

Àgùntàn kì í pẹ́ lóyún, oṣù márùn-ún ni. Oṣù márùn-ún pé, ọmọ kankan kò dé. Ìkẹfà wọlé, Dírẹ́tọ̀ pe ìpàdé sí àgbàlá rẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ dìde ni ìyá Àràmọ́tù, opó kan ní Zongo tó jẹ́ pé àgùntàn mọ́kànlá tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ló fi ń jẹun.

"Mìsíọ̀ Dírẹ́tọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Mọ́kànlá ni mo mú wá. Jẹ́nẹ́rà gun gbogbo wọn. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n tún ń ké, wọ́n ń wá akọ. Mo tún mú wọn wá, ó tún gùn wọ́n. Kò sí èyí tó lóyún."

"Ìyá, àwọn àgùntàn yín yàgàn."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn."

"Mẹ́ta nínú wọn bí ìbejì léṣìí."

"Lẹ́yìn ìbejì ni wọ́n yàgàn nìyẹn."

"Ti ilé Nàjíbù ńkọ́? Méje ni wọ́n mú wá."

"Àwọn náà yàgàn."

"Ti àwọn ará Titirou ńkọ́?"

Dírẹ́tọ̀ mí kanlẹ̀. "Ìyá, ẹ ò mọ ohun tí ojú mi ń rí. Ìlú yìí kún fún àgàn, èmi nìkan ni mo sì ń gbìyànjú."

Fàdílù kọ ọ́ sílẹ̀. Dírẹ́tọ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n kó gbogbo abo tí kò bí lọ fún àwọn alápatà kí oṣù tó parí, kí wọ́n má baà kó àbùkù bá Jẹ́nẹ́rà. Ìyá Àràmọ́tù jókòó.

Faridah ló ń bu tíì fún àwọn ènìyàn. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń sọ sí i láti ọdún mẹ́fà ni wọ́n ń sọ sí àgùntàn yìí, ní ohùn kan náà, láti ẹnu kan náà. Ó sì ṣàkíyèsí pé nínú gbogbo ìjókòó yẹn, kò sí ẹnì kan tó bi àgbò ní ìbéèrè.

Nígbà tí ìpàdé tú, ó tẹ̀lé ìyá Àràmọ́tù dé ẹnu ọ̀nà. "Màmá, ẹ má tíì kó wọn lọ fún alápatà. Ẹ ò mọ ẹni tó lè yẹ àgbò wò?"

Ìyá Àràmọ́tù mọ̀ ọ́n. Hàníyyà, ọmọ àbúrò rẹ̀, dókítà ẹran ni, àwọn abúlé ló máa ń yí kiri. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Dírẹ́tọ̀ lọ ka ọ̀rọ̀ ìdágbére fún ọ̀gá kan tí kò tíì sọ pé òun ń lọ, Hàníyyà gun zẹ́mù, ìyẹn ọ̀kadà, wá sí Titirou. Ó kúnlẹ̀ kí Faridah, ó wo ibi tí àgbò ń jẹun sí, ó wo ìgbẹ́ rẹ̀, ó fi igi tú u. Ọ̀rá ló wà níbẹ̀, ó ti já wẹ́lẹwẹ̀lẹ bí okùn.

"Àǹtí, èyí tí ojú rí nìyí," ó ní. "Èyí tí ojú kò rí ló pọ̀. Bí ọ̀rá bá pẹ́ nínú oòrùn, tàbí tí nǹkan gbígbóná bá wọ inú rẹ̀, ó máa ń bó. Èérún rẹ̀ á kéré ju iyẹ̀fun lọ, á bá oúnjẹ wọlé, á wọ ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ti rí i nínú kórópọ̀n ajá. Wọ́n ti rí i nínú tènìyàn náà. Àwọn eku tí wọ́n fi dán an wò, àtọ̀ wọn dín kù, èyí tó kù kò lókun."

"Òun ló ṣe Jẹ́nẹ́rà?"

"Mi ò lè búra. Ti àgbò kò tíì yé wa tó bẹ́ẹ̀, nǹkan míì sì lè ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo àtọ̀ rẹ̀ ná."

Faridah yíjú wo ibi tí Alájì ti máa ń mu kókó láràárọ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè, jẹ́jẹ́, "O ní wọ́n rí i nínú tènìyàn náà?"

"Wọ́n rí i, Àǹtí. Ohun tó ń ṣe níbẹ̀ ni wọ́n ṣì ń wá."

Ìbínú Faridah ò pọ̀ lọ́jọ́ náà. Ohun tó mú un ni ìrètí, ìrètí sì le ju ìbínú lọ fún ẹni tó ti fi í sílẹ̀ tipẹ́. Ó mọ ọkọ rẹ̀ dáadáa. Bó bá ní kí wọ́n yẹ àgbò wò, kò ní gbà. Bó bá ní kí wọ́n yẹ́ àgbò sí, yóò béèrè aṣọ tóun máa wọ̀. Nítorí náà nígbà tí Alájì dé, ó bá a bọ́ bàtà, ó ní, "Àwọn ènìyàn ti ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn Jẹ́nẹ́rà. Dókítà ẹran kan wà tó lè fún un ní ìwé ẹ̀rí. Ì bá dára kó jẹ́ níṣojú gbogbo ayé."

"Níṣojú gbogbo ayé," Dírẹ́tọ̀ tún un sọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn lẹ́nu bí ẹran tútù. "Fàdílù, kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi ni mo ronú kan èyí."

Ọjọ́ náà pé, ilẹ̀ gbalasa tó wà níwájú ibùdókọ̀ Zongo kún. Wọ́n ta àgọ́. Àwọn olóògùn ẹran wá, àwọn aláṣọ Arzèkè wá, Kàsìmáwò jókòó ní iwájú pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀. Hàníyyà gbé tábìlì kan kalẹ̀, ó gbé awò tó ń mú ohun kéékèèké tóbi lé e. Ó ti gba àtọ̀ Jẹ́nẹ́rà láàárọ̀ yẹn bí àwọn dókítà ẹran ti máa ń gbà á. Nítorí kó lè fi wéra, ó tún gba ti àgbò Fúlàní kan tó ń jẹko lẹ́yìn ìlú, àgbò kúkúrú kan tó ti ṣẹ́ ní ìwo. Fúlàní náà wá pẹ̀lú rẹ̀, ó dúró lẹ́yìn, ó fi ara ti ọ̀pá rẹ̀.

Dírẹ́tọ̀ sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan ààbọ̀. Mi ò ní tún un sọ fún yín, ẹ ò ṣẹ̀ mí. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ó dé orí ara rẹ̀, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Nígbà tí Hàníyyà fẹ́ tẹjú mọ́ awò, Dírẹ́tọ̀ dí i lọ́wọ́.

"Dókítà, ẹ rọra. Ohun tó jẹ́ ti Jẹ́nẹ́rà, ojú Dírẹ́tọ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i."

Ó tẹrí ba, ó di ojú kan, ó fi ẹ̀rọ agbóhùnsókè sẹ́nu.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti ń wò ó. Ó mọ́. Ó mọ́ tónítóní. Gbogbo ibẹ̀ parọ́rọ́, kò sí rúkèrúdò. Mo rí méjì, mẹ́ta, tí wọ́n jókòó jẹ́jẹ́ bí ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé. Báyìí ni ìjọba tó dára ṣe máa ń rí."

Fàdílù pàtẹ́wọ́. Hàníyyà fi ti àgbò Fúlàní sábẹ́ awò. Dírẹ́tọ̀ tún tẹrí ba. Lójijì ló fà sẹ́yìn.

"Kòkòrò," ó ní. "Ó kún fún kòkòrò. Wọ́n pọ̀ lọ jàra, wọ́n ń sáré, wọ́n ń kọlu ara wọn bí àwọn ọlọ́kadà níwájú Arzèkè. Àgbò yìí ń ṣàìsàn. Mo pàṣẹ pé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá lónìí yìí, kó tó kó o ran Jẹ́nẹ́rà."

Fúlàní náà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín náà gba imú jáde. Dírẹ́tọ̀ rò pé inú rẹ̀ ló dùn pé wọ́n tètè mọ àrùn ẹran rẹ̀. Ó yíjú sí Hàníyyà, òun fúnra rẹ̀ ló gbé ẹ̀rọ agbóhùnsókè sí i lẹ́nu, kí gbogbo ayé lè gbọ́ ẹ̀rí.

"Dókítà, ẹ ṣàlàyé fún wọn."

"Mìsíọ̀ Dírẹ́tọ̀, ẹ má bínú," Hàníyyà ní, ohùn rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà gbé e dé orí òrùlé mọ́ṣáláṣí. "Àwọn tó ń sáré yẹn ló ń di ọmọ. Bí wọn kò bá sáré, wọn ò lè dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ti Jẹ́nẹ́rà kò tó nǹkan, èyí tó wà níbẹ̀ náà kò lè rìn."

Ìyá Àràmọ́tù dìde lórí bẹ́ǹṣì.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ó yé mi," ó ní. "Nígbà náà, ta ló yàgàn?"

Ojú àwọn ènìyàn kúrò lára àgbò, ó lọ sára Dírẹ́tọ̀, ó kúrò lára Dírẹ́tọ̀, ó lọ sára Faridah, ó sì dúró síbẹ̀. Faridah ò wolẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọdún mẹ́fà nìyẹn tí wọ́n máa wò ó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò tì í.

Ẹnì kan béèrè ohun tí wọ́n fi bọ́ Jẹ́nẹ́rà tó fi rí bẹ́ẹ̀. Hàníyyà sọ ti ọ̀rá àti èérí gbígbóná, ó sọ ohun tó mọ̀, ó sì sọ ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ pin. Obìnrin tó béèrè lọ́jọ́sí pé níbo ni wọ́n ti máa jó ọ̀rá wà láàárín wọn. "Sáṣẹ́ tiwa?" ó ní. "Èyí tí ẹ gbà lọ́wọ́ wa torí ewúrẹ́?" Dírẹ́tọ̀ la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ bá mi sàmì sí ọjọ́ náà, nítorí pé nǹkankan ò jáde.

Kàsìmáwò ká tẹ̀sùbáà rẹ̀ sọ́wọ́, ó dìde. "Alájì, mo ní kí n rí ọmọ àgbò kí n tó sọ̀rọ̀ ọmọ tèmi. Mo ti rí i. Ó dàárọ̀ o."

Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ rìn ní Parakou. Kí ọ̀sẹ̀ tó pé, àwọn ọ̀gá Dírẹ́tọ̀ ránṣẹ́ pè é, wọ́n bi í léèrè nípa àwọn àgbò tó tẹ̀ lọ́dàá àti àpò ọ̀rá mẹ́tàdínlógún. Wọ́n ní kó lọ sinmi nílé títí wọn yóò fi ránṣẹ́ sí i. Wọn kò tíì ránṣẹ́ di bí mo ti ń kọ ìwé yìí. Àwọn àgùntàn tò sí ọ̀dọ̀ àgbò Fúlàní oníwo ṣíṣẹ́ náà, ti ìyá Àràmọ́tù ló ṣáájú, Fàdílù sì ti wà níbẹ̀, ó ń ké oríkì. Jẹ́nẹ́rà ni Hàníyyà mú lọ sí oko, ó ní kó máa jẹ koríko, kí àwọn máa wò ó, bóyá yóò padà bọ̀ sípò. Kò ṣèlérí.

Dírẹ́tọ̀ jókòó sílé fún ọjọ́ mẹ́jọ láì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Faridah gbé kókó rẹ̀ wá nínú àwo irin, ó jókòó tì í.

"Alájì, èmi ò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Àgbò ni wọ́n yẹ̀ wò, wọn ò tíì yẹ̀ yín wò. Ó lè má sí ohun tó ṣe yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti dá lọ, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo dá padà wálé, ẹ̀yin ló sì ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ti rẹ̀ mí."

Alájì wo inú kókó náà títí ó fi tutù. "Bí wọ́n bá rí i pé èmi ni ńkọ́?"

"A á mọ̀. Láti ọdún mẹ́fà, a ò mọ nǹkankan."

Wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ Àlàmísì. Kò sí ẹni tó kéde rẹ̀, kò sí agboòrùn. Wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn aláboyún, ó gbé fìlà rẹ̀ lé orúnkún. Nígbà tó kàn wọ́n, nọ́ọ̀sì ṣí ìwé kan, kò gbójú sókè.

"Ta ni aláìsàn nínú yín?"

Faridah ti dáhùn ìbéèrè yìí nígbà mẹ́rin rí, ẹnu rẹ̀ sì ti ń là kó tó rántí. Ọkọ rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó dìde.

"Èmi ni," ó ní.